Backup Ò Lọ Mọ́ Lórí External Hard Drive: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Lẹ́sẹẹsẹ

Ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́ jù lọ rèé: "Mo so hard drive mọ́ láptọ́ọ̀pù, backup bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé 37%, ó sì dúró síbẹ̀ látàárọ̀. Ṣé kí n fa wáyà yọ ni?" Rárá o. Ẹ má tíì fà á yọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀.

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú kí backup dúró, ojú kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń gbé wá: ìlà aláwọ̀ ewé tí kò kúrò lójú kan. Bí wáyà bá jẹ́ ẹlẹ́bi, tí ẹ wá lọ fọ́máàtì hard drive, ẹ ti pa fáìlì yín lásán, wáyà burúkú náà á sì tún dá a dúró lọ́la. Windows 10 àti 11 ni mo fi ṣe ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, abala yín wà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò, torí èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ló ṣáájú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ẹ má fa wáyà yọ nígbà tí iná kékeré ara hard drive bá ṣì ń ṣẹ́jú.
- Ẹ má tẹ Format, kódà bí Windows bá gbé "You need to format the disk" síwájú yín.
- Bí ẹ bá ń gbọ́ "ká, ká, ká" nínú hard drive, ẹ fo gbogbo èyí tó kù, kí ẹ lọ tààrà sí "Bí ìlera kò bá dára" ní abala 6.
- Ẹ bi ara yín: ṣé àwọn fáìlì wọ̀nyí ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pa ti orí láptọ́ọ̀pù rẹ́ kí àyè lè wà. Èyí tó kù lórí hard drive kì í ṣe backup mọ́, òun nìkan lẹ ní, ẹ má fi ṣeré.

1. Ṣé ó dúró lóòótọ́, àbí ó kàn ń falẹ̀?

Ìlà aláwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ẹ wo ohun tí hard drive fúnra rẹ̀ ń ṣe:

1. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á jáde.
2. Ẹ tẹ Performance. Lápá òsì ẹ ó rí Disk 0, Disk 1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú èyí tí lẹ́tà hard drive yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi E: tàbí F:.
3. Ẹ wo Active time àti Write speed fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ má kàn ṣẹ́jú wò ó kí ẹ sì kúrò.

Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ibi tí ẹ ó gbà:

- Write speed ń yí padà, ì báà jẹ́ 1 MB/s péré: iṣẹ́ ń lọ. Ẹ fi í sílẹ̀.
- Active time wà ní 100%, ṣùgbọ́n Write jẹ́ 0 tàbí KB díẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀: hard drive ń jìjàkadì. Abala 2, 3 àti 6 ni tiyín.
- Méjèèjì wà ní 0: hard drive kò níṣẹ́ lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù ló ń dá a dúró. Ẹ lọ sí abala 4 àti 5.

Èyí tó ń falẹ̀ ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Fídíò ìgbéyàwó kan tó tó 4 GB lè ti dé ọ̀hún kí fódà WhatsApp Images tí kò tó 2 GB tó parí. Fídíò jẹ́ fáìlì kan. Àwòrán WhatsApp lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, hard drive sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, ọjọ́ àti àyè ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú òmíràn. Bí irú fódà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ẹ kó wọn pọ̀ sínú fáìlì zip kan kí ẹ tó gbé wọn lọ.

Ẹ tún ṣe ìṣirò. Bó bá jẹ́ USB 2.0 lẹ lò, nǹkan bí 35 MB/s ló máa ń gbé, nítorí náà 400 GB á gba wákàtí 3 ó lé díẹ̀. Lórí USB 3.0, hard drive tó ń sáré 100 MB/s á ṣe é ní nǹkan bíi wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 7. Fáìlì kéékèèké lè sọ èyí di ìlọ́po mélòó kan. Èyí túmọ̀ sí pé backup àkọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ òru. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde ní wákàtí tó ń bọ̀.

Ohun kan ṣì wà: ọ̀pọ̀ hard drive kékeré tó ní àyè púpọ̀ ló ń lo ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní SMR, tí ìlà kan máa ń gun èkejì lórí díẹ̀. Irú wọn á kọ́kọ́ sáré, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ sí MB díẹ̀, torí ó ní láti padà lọ to ohun tó ti kọ. Kò bàjẹ́. Ẹ fún un láyè, ẹ má sì máa wo fíìmù látorí rẹ̀ lásìkò yẹn.

Bí Windows bá fún yín ní nọ́mbà àṣìṣe, ẹ wo mẹ́ta wọ̀nyí:

- 0x80070070: àyè ti tán lórí hard drive.
- 0x80070079: Windows béèrè, hard drive kò dáhùn títí àkókò fi kọjá. Wáyà, ihò USB tàbí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.
- 0x8007045D: ibi kan kò ṣeé kà tàbí kò ṣeé kọ nǹkan sí. Ẹ yẹ wáyà wò ṣáájú, lẹ́yìn náà ìlera hard drive.

2. Wáyà, ihò USB àti iná

Wáyà ni mo máa ń fura sí ṣáájú ohunkóhun, torí òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀.

1. Ẹ tẹ Stop tàbí Cancel nínú ètò tó ń ṣe backup. Ẹ tẹ àmì Safely Remove Hardware tó wà nítòsí aago nísàlẹ̀. Bí Windows bá ní òun kò lè yọ ọ́, ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá kí ẹ tó fa wáyà.
2. Ẹ fi wáyà mìíràn dánwò, kó jẹ́ kúkúrú. Wáyà hard drive USB 3.0 máa ń ní ẹnu fífẹ̀ tó pín sí méjì. Wáyà fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọ apá kan ihò yẹn, ó sì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eré USB 2.0 lẹ ó máa sá. Àwọn wáyà fóònù kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé fáìlì.
3. Ẹ yọ hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kúrò láàárín, kí ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lo ihò ẹ̀yìn, kì í ṣe ti iwájú.
4. Ẹ wá ihò tí inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí tó ní lẹ́tà SS lára, USB 3.0 nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.
5. Ẹ ki ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù. Ẹ má fi bátìrì nìkan ṣe backup ńlá.

Ohun tó fà á ni pé hard drive kékeré oní 2.5 inches kò ní ṣájà tirẹ̀, inú ihò USB ló ti ń rí iná. USB 2.0 ń fún un ní 500 mA, USB 3.0 ní 900 mA. Bí hub bá ń pín ìyẹn fún máòsì, kíbọ́ọ̀dù àti módẹ́ẹ̀mù pa pọ̀, mọ́tò inú hard drive á máa kú, á máa jí. Ẹ ó máa gbọ́ ìró tí Windows ń ṣe nígbà tí wọ́n bá yọ nǹkan tí wọ́n sì tún kì í bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Hard drive ńlá oní 3.5 inches ní ṣájà tirẹ̀, wàhálà tiẹ̀ sì yàtọ̀, pàápàá fún àwa tí iná ń ṣe wọlé-jáde fún. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ sì yí i sórí jẹnẹrétọ̀, láptọ́ọ̀pù kò ní mọ̀ rárá torí bátìrì rẹ̀. Hard drive ti kú, ó sì ti tún tàn. Ẹ padà dé yàrá, gbogbo iná ń tàn, ohun gbogbo dà bíi pé ó wà bó ṣe wà, àfi backup tó ti dúró. Ẹ so ṣájà rẹ̀ mọ́ UPS, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí iná bá fara balẹ̀.

3. Ó máa ń dúró nígbà tí ẹ bá fi sílẹ̀

Bó bá ń lọ dáadáa níwájú yín, ṣùgbọ́n tó máa ń dúró lẹ́yìn tí ẹ bá sùn, Windows ló ń fi hard drive sùn kó lè dín iná kù.

1. Ẹ ṣí Control Panel, lẹ́yìn náà Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings.
2. Lábẹ́ USB settings, ẹ sọ USB selective suspend setting di Disabled.
3. Lábẹ́ Hard disk, ẹ sọ Turn off hard disk after di 0, á yí padà sí Never.
4. Ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wá Universal Serial Bus controllers. Ẹ tẹ USB Root Hub kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ mú àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power.
5. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù kí ẹ sì tún un tàn.

Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Èyí tí ẹ bá rí ni kí ẹ ṣe. Ẹ tún wo Choose what closing the lid does, kí ẹ fi í sí Do nothing. Ẹ̀yin mélòó lẹ bẹ̀rẹ̀ backup, tẹ́ ẹ wá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà dí yín lójú oorun?

4. Ibì kan náà ló máa ń dúró sí ní gbogbo ìgbà

Ẹ ṣí This PC, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ hard drive náà, kí ẹ mú Properties. Ẹ wo Free space (àyè tó ṣẹ́ kù), lẹ́yìn náà File system (ọ̀nà tí hard drive ń gbà to fáìlì; FAT32, NTFS àti exFAT ni oríṣi rẹ̀ tí ẹ ó máa rí).

Bó bá jẹ́ FAT32 lẹ rí, ẹ ti rí ọ̀tá yín: FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbé fáìlì náà, Windows á sọ fún yín pé ó tóbi jù, ṣùgbọ́n àwọn ètò backup kan kàn máa ń dákẹ́ ni.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní kò ní pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́: ẹ wá Command Prompt (fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows), ẹ mú Run as administrator, kí ẹ kọ `convert E: /fs:ntfs` pẹ̀lú lẹ́tà hard drive tiyín. Ó lè béèrè orúkọ tí hard drive náà ń jẹ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà ní This PC. Síbẹ̀, ẹ kó èyí tó ṣe pàtàkì kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é, torí iná lè lọ láàárín. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS. Bí ẹ bá ń gbé e láàárín Windows àti Mac, exFAT ló dára, ṣùgbọ́n Windows kì í kọ system image (ẹ̀dà Windows àti gbogbo ètò inú láptọ́ọ̀pù) sórí exFAT.

Ẹ ṣọ́ra: tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ọkọ̀ kan wà tí kì í ka NTFS. Ẹ má lo hard drive fíìmù ilé fún backup ibi iṣẹ́, ẹ ó kàn máa fa wàhálà fún ara yín ni.

5. Hard drive ń dúró de láptọ́ọ̀pù

Ìkùukùu OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Microsoft, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fáìlì tó ní àmì ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kò sí lórí láptọ́ọ̀pù yín, orúkọ rẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Bí backup bá kàn án, Windows á fẹ́ fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà ti tán, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ á dúró sí. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, ẹ mú Always keep on this device níbi tí Wi-Fi ti dára, kí ẹ jẹ́ kó parí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣe backup. Bí ẹ kò bá fẹ́ ná dátà, ẹ yọ fódà OneDrive kúrò nínú ohun tí backup máa gbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa Outlook àti ètò ìṣirò owó tó bá ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí antivirus kọ́kọ́ yẹ hard drive wò tán kí backup tó bẹ̀rẹ̀; àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jọ máa dù ú. Bí ẹ bá ti tan Controlled folder access nínú Windows Security, ó lè máa dí ètò backup yín lọ́nà. Ẹ lọ sí Ransomware protection kí ẹ fún un láṣẹ.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn yín lọ́wọ́, ó lè jẹ́ fáìlì kan péré ló há. Robocopy, tó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, á fo irú fáìlì bẹ́ẹ̀, á sì sọ orúkọ rẹ̀ fún yín:

1. Ẹ ṣí Command Prompt.
2. Ẹ kọ èyí sórí ìlà kan, kí ẹ yí E: padà sí lẹ́tà tiyín:

`robocopy "%USERPROFILE%\Documents" "E:\Backup\Documents" /E /XJ /R:1 /W:1 /TEE /LOG:"E:\backup-log.txt"`

3. Bó bá parí, ẹ wo tábìlì tó wà nísàlẹ̀. Bí nọ́mbà kan bá wà lábẹ́ FAILED, ẹ ṣí backup-log.txt kí ẹ wá ERROR. Orúkọ fáìlì tó ń dá yín dúró wà níbẹ̀.
4. Ẹ tún un ṣe fún Pictures, Desktop àti Videos. Bí OneDrive bá ti gba Documents yín, ẹ kọ `%USERPROFILE%\OneDrive\Documents` dípò èyí tó wà lókè.

Ẹ má yọ /R:1 àti /W:1 kúrò. Bí ẹ kò bá kọ wọ́n, robocopy á gbìyànjú fáìlì tó há náà nígbà mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín wọn. Ẹ máa jókòó tì í títí. Ẹ sì sá fún /MIR tí ẹ ó rí níbi tí àwọn kan ti ń kọ́ni: ó máa ń pa ohunkóhun tó wà nínú fódà backup orí hard drive tí kò sí nínú fódà orí láptọ́ọ̀pù rẹ́, láìbéèrè.

Bó bá jẹ́ system image ló ń dúró, ẹ kọ `vssadmin list writers` nínú Command Prompt tí ẹ ṣí pẹ̀lú Run as administrator. Á to àwọn apá Windows tó ń bá backup ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bí èyíkéyìí nínú wọn kò bá sọ "No error", ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un yẹ̀ wò.

6. Ìlera hard drive

Ẹ fa CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera hard drive wò, wálẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí i kí ẹ mú hard drive yín lókè. Good ni CrystalDiskInfo yóò kọ pẹ̀lú àwọ̀ búlúù bó bá dára. Caution aláwọ̀ ìyeyè àti Bad aláwọ̀ pupa kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ wò: 05, C5 àti C6. 05 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti pààrọ̀, C5 ń ka èyí tó ń ṣe ségesège lọ́wọ́, C6 ń ka èyí tí kò ṣeé tún ṣe. Bí Raw Values wọn kì í bá ṣe òdo, tó sì tún ń pọ̀ sí i, ẹ wá owó hard drive mìíràn.

Ẹ tún lè ṣí Event Viewer, Windows Logs, System. Bí ẹ bá rí disk pẹ̀lú Event ID 7, ibi tó ti bàjẹ́ wà lórí rẹ̀. 153 túmọ̀ sí pé Windows ní láti tún iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ torí kò rí ìdáhùn. Wáyà náà lè fa èyí.

Bí ìlera bá dára: ẹ kọ `chkdsk E: /f` nínú Command Prompt tí ẹ ṣí pẹ̀lú Run as administrator. Ó ń tún ètò fáìlì ṣe, kì í sábà pẹ́.

Bí ìlera kò bá dára: ẹ má ṣe chkdsk rárá, pàápàá `/r`. Òun ló ń ka gbogbo ojú hard drive, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, hard drive tó ń kú lọ sì lè parí ayé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó èyí tí kò sí níbòmíràn kúrò, láti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù: àwòrán àti ìwé, kì í ṣe fíìmù. Bó bá ń dún "ká, ká", tàbí tí kò jáde mọ́ ní This PC, ẹ pa á. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tó owó, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń gba dátà là, kí ẹ sọ fún un kí ó tó ṣí i pé fáìlì lẹ fẹ́, kì í ṣe hard drive. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló gbà pé kó ṣáà ti ṣiṣẹ́ ni, wọ́n á sì fọ́máàtì rẹ̀ fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ti ayédèrú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ 16 TB sára SSD kan (irú hard drive tí kò ní mọ́tò) tí owó rẹ̀ kò tó ti 1 TB gidi, irọ́ ni. Á gba fáìlì dáadáa títí àyè tó ní gan-an á fi tán, lẹ́yìn náà á dúró, tàbí kó máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi H2testw dán an wò: á kọ nǹkan kún un, á tún kà á padà. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ní Computer Village Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ ní kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo níwájú yín. Power On Hours ti hard drive tuntun yẹ kó wà nítòsí òdo.

7. Fún ẹ̀yin onílò Mac

- Time Machine, ètò backup tó wà nínú Mac, kì í gba NTFS tàbí exFAT. Bó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun nu hard drive, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa lọ.
- Preparing Backup lè pẹ́ gan-an lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe àtúnṣe macOS tàbí tí ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó ṣe backup. Ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Mac), ẹ kọ `tmutil status`, ẹ tún un kọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àwọn nọ́mbà bá yí, iṣẹ́ ń lọ.
- Ẹ kọ `caffeinate` nínú Terminal, kí ẹ sì fi fèrèsé náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí Mac má baà sùn. Control àti C ló ń dá a dúró.
- Bó bá há lóòótọ́, ẹ dá backup dúró, ẹ ṣe Eject, ẹ pa Mac kí ẹ tún un tàn. Lẹ́yìn náà ẹ lo First Aid nínú Disk Utility.

Nígbà tó bá parí

Ẹ má gba 100% gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ robocopy lẹ lò tàbí tí ẹ fi ọwọ́ dà á kọ, ẹ wo Properties fódà méjèèjì, ti láptọ́ọ̀pù àti ti hard drive, kí iye fáìlì wọn bára mu. Ẹ ṣí àwòrán kan, fídíò kan àti ìwé kan látorí hard drive gan-an. Kí ẹ fa fídíò náà dé àárín kí ẹ wò ó bóyá á há. Ẹ wá tẹ Safely Remove Hardware, ẹ dúró kí mọ́tò inú rẹ̀ dáwọ́ yíyí dúró, nígbà náà ni kí ẹ tó gbé e sínú báàgì.